Òdiwọ̀n Àjùmọ̀lò fún Kíkọ àti Pínpín Dátà Ibùdó

Ìfáárà

Dátà ibùdó ni gbogbo ìròyìn tí ó ń sọ ibi tí nǹkan wà lórí ilẹ̀ ayé: ibi tí ìlú kan tẹ̀dó sí, ibi tí odò kan gbà kọjá, ààlà tí ó wà láàárín oko méjì, tàbí àdúgbò tí a ti gba ohùn ẹni tí ó ń sọ ẹ̀ka-èdè kan sílẹ̀. Òdiwọ̀n àjùmọ̀lò sì ni àdéhùn tí àwọn tí ń ṣe dátà àti àwọn tí ń lò ó jọ fọwọ́ sí nípa bí a ó ṣe kọ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí a kọ ọ́ lè lóye rẹ̀ bí ẹni tí ó kọ ọ́ ṣe lóye rẹ̀.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé ni Yorùbá ti ní ọ̀nà tiwọn láti júwe ibùdó. A máa ń sọ pé ilé kan wà lẹ́yìn ọjà, ní ìdí ìrókò, ní oríta mẹ́ta, tàbí ní ìsàlẹ̀ odò. Irú àpèjúwe bẹ́ẹ̀ péye láàárín àwọn tí wọ́n jọ mọ ọjà náà tí wọ́n sì jọ mọ igi náà. Ṣùgbọ́n bí ìrókò bá wó, tí ọjà sì ṣí kúrò, ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ yóò wà níbẹ̀, ibi tí ó ń tọ́ka sí yóò sì ti sọnù. Iṣẹ́ tí ìmọ̀ àjọní ń ṣe láàárín ará àdúgbò ni òdiwọ̀n àjùmọ̀lò ń ṣe láàárín àjèjì.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé nọ́ńbà nìkan kì í ṣe ibùdó. Kí nọ́ńbà tó di ibùdó, ó gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè mẹ́rin: Èwo nínú nọ́ńbà méjèèjì ni ó ṣáájú? Láti orí ìpìlẹ̀ wo ni a ti wọ̀n wọ́n? Orúkọ wo ni ibi náà ń jẹ́, báwo ni a sì ṣe kọ ọ́? Báwo ni ó ṣe yẹ kí ó péye tó fún ẹni tí a fẹ́ fún? Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ Yorùbá tí ń gba oríkì, ìtàn ìlú tàbí ẹ̀ka-èdè sílẹ̀ nílò ìdáhùn wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí awọnlẹ̀ ṣe nílò wọn.

Nọ́ńbà méjì tí ó ń tọ́ka ibùdó

Látitúùdù ni nọ́ńbà tí ó ń sọ bí ibì kan ṣe jìnnà tó sí ìlà agbedeméjì ayé, yálà sí àríwá tàbí sí gúúsù. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 0, kò sì lè kọjá 90 ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Lọngitúùdù ni èyí tí ó ń sọ bí ibì kan ṣe jìnnà tó sí ìlà ìbẹ̀rẹ̀ tí ó gba Greenwich kọjá ní ìlú London, yálà sí ìlà-oòrùn tàbí sí ìwọ̀-oòrùn. Òun lè dé 180 ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Àríwá àti ìlà-oòrùn ni a ń fi àmì àròpọ̀ hàn. Gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn ni a ń fi àmì àyọkúrò hàn.

Ìṣẹ̀dá ayé ni ó fún wa ní ìlà agbedeméjì ayé, nítorí yíyí tí ayé ń yí. Àdéhùn ènìyàn lásán ni ó fún wa ní ìlà Greenwich. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1884, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè 25 pàdé ní Washington ní Amẹ́ríkà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì dìbò pé kí gbogbo ayé máa ka lọngitúùdù láti Greenwich. Ilẹ̀ Faransé kò dá sí ìbò náà, wọ́n sì ń lo ìlà tiwọn tí ó gba ìlú Paris kọjá fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Èyí jẹ́ ẹ̀rí pé ọwọ́ ènìyàn ni òdiwọ̀n ti ń wá, àti pé àwọn tí wọ́n gbà á ni ó ń fún un ní agbára.

Dígírì kan látitúùdù tó nǹkan bí kìlómítà 111. Nítorí náà, bí nọ́ńbà méjì bá tẹ̀lé pọ́íǹtì, bí i 7.48, ìtọ́ka náà péye dé nǹkan bí kìlómítà kan. Ó tó láti dá ìlú mọ̀. Bí nọ́ńbà márùn-ún bá tẹ̀lé pọ́íǹtì, ó péye dé nǹkan bí mítà kan; ó tó láti dá ẹnu ọ̀nà ilé mọ̀. Fóònù tí a ń mú lọ́wọ́ kì í sábà péye ju mítà mélòó kan lọ. Ẹni tí ó bá wá da nọ́ńbà mẹ́wàá sẹ́yìn pọ́íǹtì kò sọ òtítọ́ kún òtítọ́. Ó kàn ń fi ohun tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò mọ̀ ṣe bí ẹni mọ̀ ni.

Èwo ni ó ń ṣáájú?

Onírúurú òdiwọ̀n ni ó wà fún kíkọ nọ́ńbà méjèèjì, wọn kò sì fẹnu kò lórí èyí tí yóò ṣáájú.

ISO 6709, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1983, fi látitúùdù ṣáájú. Bí a bá fi kọ Ilé-Ifẹ̀, yóò rí báyìí: +07.48+004.56/

Ìlànà geo, tí a fi ń kọ ibùdó gẹ́gẹ́ bí àdírẹ́sì orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó jáde ní 2010, fi látitúùdù ṣáájú bákan náà: geo:7.48,4.56

GeoJSON, tí ó di òdiwọ̀n àgbáyé lábẹ́ orúkọ RFC 7946 ní 2016, fi lọngitúùdù ṣáájú: [4.56, 7.48]

KML, tí a mọ̀ mọ́ Google Earth, tí àjọ Open Geospatial Consortium sì gbà gẹ́gẹ́ bí òdiwọ̀n ní 2008, fi lọngitúùdù ṣáájú: 4.56,7.48

WKT, tí àwọn àká dátà ń lò, sábà máa ń fi lọngitúùdù ṣáájú, kò sì fi kọ́mà sáàárín wọn: POINT(4.56 7.48)

GPX, tí àwọn ẹ̀rọ atọ́nisọ́nà ń lò, kò fi ọ̀rọ̀ sí iyèméjì rárá, nítorí ó sọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lórúkọ: lat="7.48" lon="4.56"

Ìyàtọ̀ yìí lè dàbí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó lè fà. Bí a bá kọ ibùdó Ilé-Ifẹ̀ ní òdì, tí 4.56 di látitúùdù tí 7.48 sì di lọngitúùdù, orírun Yorùbá yóò ṣí kúrò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, yóò sì bọ́ sí agbègbè Opobo ní etíkun Ìpínlẹ̀ Rivers. Ìbàdàn, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 7.38 àti 3.93, inú òkun ni yóò bọ́ sí, ní gúúsù Bonny.

Ewu àṣìṣe yìí pọ̀ ní ilẹ̀ wa ju ti àwọn mìíràn lọ. Bí ẹnìkan bá kọ nọ́ńbà Tokyo ní òdì, kọ̀ǹpútà yóò kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí lọngitúùdù Tokyo lé ní 139, kò sì sí látitúùdù tí ó kọjá 90. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá, nọ́ńbà méjèèjì kéré, wọ́n sì sún mọ́ ara wọn. Kò sí ohun tí yóò ta kọ̀ǹpútà lólobó pé nǹkan ti wọ́. Ẹni tí ó mọ ilẹ̀ nìkan ni ó lè wo máàpù kí ó sì sọ pé Ilé-Ifẹ̀ kò sí létí òkun.

Àṣìṣe mìíràn tí ó fara jọ èyí ni ti àyè tí a fi sílẹ̀ láìkọ nǹkan sí. Ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà máa ń sọ àyè òfìfo di òdo. Ibi tí 0 àti 0 ti pàdé wà nínú òkun, ó lé ní 500 kìlómítà sí gúúsù etíkun Gánà. Àwọn onímọ̀ máàpù fi ṣe àwàdà, wọ́n ń pè é ní Null Island, bí ẹni pé erékùṣù ni. Kò sí ilẹ̀ kankan níbẹ̀. Bí ẹ bá rí abúlé yín níbẹ̀ lórí máàpù, ẹ mọ̀ pé ẹnìkan kò kọ nọ́ńbà sílẹ̀ ni.

Ìpìlẹ̀ ìwọ̀n

Ayé kì í ṣe òbìrí tí ó gún régé. Ó fẹ̀ díẹ̀ ní àárín, ojú rẹ̀ sì rí gbágungbàgun. Kí a tó lè wọ̀n ọ́n, a ní láti yan àwòrán òbìrí kan tí yóò dúró fún un, kí a sì sọ ibi tí a ti so àwòrán náà mọ́ ilẹ̀. Àyànṣe yìí ni a ń pè ní ìpìlẹ̀ ìwọ̀n níhìn-ín. Bí ìpìlẹ̀ bá yàtọ̀, nọ́ńbà kan náà yóò tọ́ka sí ilẹ̀ mìíràn.

Ìpìlẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ jù lọ lónìí ni WGS 84. Òun ni àwọn sátẹ́láìtì GPS ń lò, òun sì ni GeoJSON pa láṣẹ. Ṣùgbọ́n kí GPS tó dé, àwọn orílẹ̀-èdè ti ní ìpìlẹ̀ tiwọn. Ti Nàìjíríà ni a ń pè ní Minna, nítorí pé ojúkò ìwọ̀n kan ní ìlú Minna, tí a fún ní àmì L40, ni a so ó mọ́. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni a ti ya ọ̀pọ̀ máàpù ìjọba àti ìwé ìwọ̀n ilẹ̀ àtijọ́.

Ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ibi tí nọ́ńbà kan náà ń tọ́ka sí lórí Minna àti lórí WGS 84 tó nǹkan bí 100 mítà. Pulọ́ọ̀tì tí àwọn ènìyàn sábà máa ń rà jẹ́ 50 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú àti 100 ẹsẹ̀ bàtà ní òòró, èyí tí kò ju nǹkan bí mítà 15 sí 30 lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi nọ́ńbà inú ìwé àtijọ́ sínú fóònù rẹ̀ láìṣí ìpìlẹ̀ padà lè kọjá pulọ́ọ̀tì mẹ́ta kí ó tó dúró, kí ó sì máa nà ọwọ́ sí ilẹ̀ olóhun. Ẹjọ́ ilẹ̀ tí ó ń ya ẹbí nípá kò nílò irú igi bẹ́ẹ̀ láti fi kún iná rẹ̀.

Kí a má baà ṣi ìpìlẹ̀ mú, ìwé àkójọ kan wà tí ó fún ìpìlẹ̀ àti ìlànà ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. EPSG ni orúkọ rẹ̀. Àwọn awọnlẹ̀ ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì ní Yúróòpù ni ó kọ́kọ́ kó o jọ. EPSG:4326 ni látitúùdù àti lọngitúùdù lórí WGS 84. EPSG:4263 ni ti Minna. Àwọn awọnlẹ̀ tún máa ń fi mítà ka ibùdó dípò dígírì, nípa pípín ayé sí ẹkùn 60 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó dígírì 6. Ìlànà yìí ni UTM. Ẹkùn 31 gba láti lọngitúùdù 0 dé 6; ẹkùn 32 gba láti 6 dé 12. Ẹkùn 31 ní àríwá jẹ́ EPSG:26331 lórí Minna, ó sì jẹ́ EPSG:32631 lórí WGS 84.

Púpọ̀ jù lọ nínú ilẹ̀ Yorùbá, títí kan ti Bẹ̀nẹ̀ àti ti Tógò, wà nínú ẹkùn 31. Ṣùgbọ́n Kàbà, ní ilẹ̀ Okun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, wà ní nǹkan bí lọngitúùdù 6.07, nítorí náà ẹkùn 32 ni ó bọ́ sí. Ẹni tí ó bá ń ya máàpù àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá pẹ̀lú mítà UTM gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìlà ẹkùn kọjá láàárín ilẹ̀ náà, kí ó má baà kà Okun mọ́ ibi tí kò sí.

Orúkọ ibùdó àti àmì rẹ̀

Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlú. Orúkọ ìlú Yorùbá sábà máa ń gbé ìtàn pamọ́, àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà ni ó sì ń ṣọ́ ìtàn náà. Bí a bá gé àmì kúrò lára Ẹdẹ, ó di Ede, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò sì kà á sí èdè tí à ń sọ lẹ́nu. Bí a bá gé e kúrò lára Ọ̀wọ̀, ó di Owo, èyí tí ó lè jẹ́ owó tàbí òwò. Ọ̀pọ̀ máàpù àti ìwé ìjọba ni ó ń kọ orúkọ wọ̀nyí láìsí àmì, kì í sì í ṣe pé òdiwọ̀n ni kò gbà á láàyè. GeoJSON jẹ́ irú JSON kan, UTF-8 sì ni JSON fi ń kọ ọ̀rọ̀ láti kọ̀ǹpútà kan sí èkejì. Gbogbo lẹ́tà Yorùbá ni UTF-8 lè gbé.

Ìṣòro tí ó kù ni pé ọ̀nà tí a lè gbà kọ lẹ́tà kan náà ju ẹyọ kan lọ. Nínú Unicode, ẹ ní kóòdù tirẹ̀, U+1EB9. É náà ní tirẹ̀, U+00E9. Ṣùgbọ́n ẹ́, tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, kò ní kóòdù ẹyọ kan. A lè kọ ẹ kí a fi àmì òkè U+0301 lé e; a lè kọ é kí a fi àmì ìsàlẹ̀ U+0323 sí i. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n yàtọ̀, nítorí náà ẹni tí ó wá Ọ̀yọ́ lè má rí Ọ̀yọ́ tí ẹlòmíràn kọ. Ojútùú rẹ̀ ni ìmúdọ́gba tí a ń pè ní NFC, tí ó ń sọ gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí di ẹyọ kan. Kí a ṣọ́ra, nítorí NFC kò lè ran ẹni tí ó lo ìlà kékeré olóòró, U+0329, dípò àmì ìsàlẹ̀ U+0323 lọ́wọ́. Ìlà yẹn wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá àtijọ́, Unicode sì kà á sí àmì ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó ń da irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ sórí kọ̀ǹpútà ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀.

Orúkọ kan tún lè jẹ́ ti ibi púpọ̀. Kétu ìlú ọba wà ní Bẹ̀nẹ̀, níbi tí ìjọba ti ń kọ ọ́ ní Kétou. Kétu mìíràn wà ní Èkó. Òdiwọ̀n ISO 3166-2 ni a fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀: BJ-PL ni ẹkùn ìjọba Plateau ní Bẹ̀nẹ̀ tí Kétu àkọ́kọ́ wà, NG-LA sì ni Ìpínlẹ̀ Èkó. Ibi kan sì lè ní orúkọ púpọ̀. Olú-ìlú Bẹ̀nẹ̀ ń jẹ́ Porto-Novo, Yorùbá ń pè é ní Àjàṣẹ́, àwọn Gùn sì ń pè é ní Hogbonou. Kò yẹ kí ọ̀kan lé èkejì jáde. OpenStreetMap, fún àpẹẹrẹ, ní àyè tí a ń pè ní name:yo fún orúkọ Yorùbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù. Yo yìí ni kóòdù èdè Yorùbá nínú ISO 639-1.

Orúkọ tún ní ọjọ́ orí. Àwọn tí ìwé àtijọ́ ń pè ní Ẹ̀gbádò ti ń jẹ́ Yewa láti ọdún 1995. Àkọsílẹ̀ tí ó dára a máa sọ orúkọ àti àkókò tí a ń lò ó, kí ẹni tí ń ka ìwé ọdún 1960 má baà rò pé ènìyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ohun tí kò yẹ kí a pín

Kì í ṣe gbogbo ohun tí a lè wọ̀n ni ó yẹ kí a tú síta. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ sínú àkójọ ogún àgbáyé ní 2005, jẹ́ ibi tí gbogbo ayé mọ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ kì í ṣe àṣírí. Ṣùgbọ́n ojúbọ ìdílé tàbí igbó tí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ń wọ̀ ọ́ yàtọ̀. Nọ́ńbà márùn-ún lẹ́yìn pọ́íǹtì lè mú olè ère dé ibẹ̀ láìbéèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bákan náà ni ilé ìyá àgbà tí ó ki oríkì fún wa. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ka dátà ibùdó mọ́ ohun tí a lè fi dá ènìyàn mọ̀.

Ojútùú rẹ̀ wà nínú ohun tí a ti kọ́ nípa nọ́ńbà ẹ̀yìn pọ́íǹtì. A lè fi ẹ̀dà tí ó péye pamọ́ pẹ̀lú àṣẹ àwọn tí wọ́n ni ín, kí a sì pín èyí tí ó ní nọ́ńbà kan tàbí méjì lẹ́yìn pọ́íǹtì, tí ó sọ ìlú láìsọ ilé. Kí a sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé a mọ̀ọ́mọ̀ dín in kù ni, kí olùwádìí tí ó ń bọ̀ má baà rò pé ẹ̀rọ ni kò péye.

Àpẹẹrẹ àkọsílẹ̀

Àkọsílẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí fi GeoJSON kọ Ilé-Ifẹ̀:

{"type": "Feature",
"geometry": {"type": "Point", "coordinates": [4.56, 7.48]},
"properties": {"name": "Ilé-Ifẹ̀", "ede": "yo", "ipinle": "NG-OS"}}

Ìlà kìíní sọ pé ohun kan tí ó ní ibùdó ni. Ìlà kejì sọ pé ojúkò kan ni, ó sì fi lọngitúùdù ṣáájú. Kò nílò láti dárúkọ ìpìlẹ̀, nítorí WGS 84 ni RFC 7946 pa láṣẹ. Bí ó bá jẹ́ odò, LineString ni yóò rọ́pò Point. Bí ó bá jẹ́ ààlà ìlú, Polygon ni. Ìlà kẹta ni ti ẹni tí ó ń kọ ọ́: ibẹ̀ ni orúkọ pẹ̀lú àmì, èdè àti ìpínlẹ̀ ń gbé, ibẹ̀ náà sì ni a lè kọ ọjọ́ tí a ṣe iṣẹ́, irú ẹ̀rọ tí a lò, àti àṣẹ tí a gbà sí.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé òdiwọ̀n dátà ibùdó jẹ́ àdéhùn lórí ohun mẹ́rin: ètò nọ́ńbà, ìpìlẹ̀ ìwọ̀n, orúkọ, àti ìwọ̀n tí ó yẹ kí a fi hàn. Méjì àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ àwọn àjọ àgbáyé, ohun tí ó kù fún wa sì ni kí a mọ̀ wọ́n kí a sì tẹ̀lé wọn. Méjì ìkẹyìn wà lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ èdè àti àṣà. Kò sí àjọ kankan ní òkèèrè tí ó lè mọ̀ pé Ede inú máàpù jẹ́ Ẹdẹ, tàbí pé igbó kan kì í ṣe ti àlejò, bí a kò bá sọ fún wọn. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́, kí ó ṣí i lórí máàpù, kí ó wo bóyá ìlú náà wà níbi tí ó fi í sílẹ̀, kí ó sì ka orúkọ rẹ̀ jáde sókè. Bí etí ará ìlú bá gbà á, tí ojú sì gbà á, a jẹ́ pé iṣẹ́ náà ṣeé fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.